Ilé àyẹ̀wò méjì, èsì méjì: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò aṣọ ni mí l'Óṣogbo, ẹni ọdún 46 sì ni mí. Láàárín ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìtọ̀ ti ń ta mí bíi pé ata wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé kòkòrò E. coli ni. Wọ́n fi R síwájú ciprofloxacin àti ceftriaxone, wọ́n fi S síwájú gentamicin àti nitrofurantoin. Ẹ̀rù bà mí. Kí n tó padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ra ciprofloxacin ní kẹ́míìsì, mo lò ó fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn níbòmíràn. Àwọn yẹn ní Klebsiella ni, wọ́n ní ciprofloxacin S, amoxicillin S, ceftriaxone I. Ṣé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́ ni? Èwo ni kí n gbà gbọ́? Kí tilẹ̀ ni R, S àti I yìí? Ọmọ mi obìnrin náà ti ń sọ pé ìtọ̀ ń ta òun. Ṣé kí n fún un nínú oògùn tó kù lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ìtọ̀ tó ń ta kì í jẹ́ kéèyàn ráyè jókòó ti ọjà, kì í sì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni iṣẹ́ mi, kòkòrò àrùn ni mò ń gbìn, mo sì ń dán oògùn wò lára wọn. Màá kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, àlàyé á tẹ̀ lé e. Ìwé àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé lọ fún dókítà yín kí ó fi ṣiṣẹ́. Ẹ mú ìkejì náà dání kí ó rí i, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní oògùn nítorí rẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n parọ́ o. Ìtọ̀ tí ẹ gbé fún wọn ti kúrò ní ohun tí a lè fi ṣèdájọ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn, ohun méjì sì wà lórí ìwé yẹn tí ojú oníṣẹ́ wa kò lè fò.

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà mẹ́ta yẹn kúrò nílẹ̀ ná. S ń sọ pé ìwọ̀n oògùn tí dókítà máa ń kọ fún aláìsàn tó láti ṣẹ́gun kòkòrò tó hù. R ń sọ pé apá oògùn náà kò ká a mọ́. Ẹ lè lò ó dé ìparí, kòkòrò náà á ṣì wà níbẹ̀. I ni àwọn èèyàn máa ń ṣì mú, wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé oògùn náà lè ṣiṣẹ́ bí a bá fún aláìsàn ní ìwọ̀n tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí bí àìsàn náà bá wà níbi tí oògùn yẹn máa ń kóra jọ sí, irú bí àpò ìtọ̀. Dókítà nìkan ló lè dá ìyẹn rò, nítorí òun ló mọ ọjọ́ orí yín, bí kíndìnrín yín ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn oògùn mìíràn tí ẹ ń lò.

Ó yá, ẹ gbé ìwé kejì síwájú. Wọ́n ní Klebsiella ni, wọ́n ní ciprofloxacin S. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ ti fi ń lo ciprofloxacin kí ẹ tó tọ ìtọ̀ yẹn. Oògùn yìí máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀ gan-an, ó pọ̀ níbẹ̀ ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì. Bí ciprofloxacin bá ń pa Klebsiella yẹn lóòótọ́, báwo ló ṣe yè nínú àpò ìtọ̀ tí oògùn kún inú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tó tún wá hù lórí àwo? Bóyá ojú ara tàbí ìgò ni kòkòrò náà ti bọ́ sínú ìtọ̀, bóyá ẹni tó ka àwo ló ṣì í kà. Ohun kejì lágbára ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní amoxicillin S. Klebsiella pneumoniae, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìtọ̀, a bí àìgbọ́ràn sí amoxicillin àti ampicillin mọ́ ọn ni. Ó ní ẹ́ńsáìmù kan nínú ara rẹ̀ tó ń fọ́ àwọn oògùn méjèèjì. Ilé àyẹ̀wò tó bá rí S níbẹ̀ yẹ kó dá iṣẹ́ dúró, kó bi ara rẹ̀ pé: ṣé Klebsiella nìyí lóòótọ́? Àbí dísìkì mi, bébà kékeré tí a fi oògùn sí, ni kò dára? Kò yẹ kí ìwé náà jáde síta rárá.

Irú àwọn òfin báyìí pọ̀ nídìí iṣẹ́ wa, ó sì dára kí àwọn aláìsàn mọ díẹ̀ nínú wọn. Kòkòrò Proteus kì í gbọ́ ti nitrofurantoin. Kòkòrò Pseudomonas kì í gbọ́ ti ceftriaxone, kì í gbọ́ ti Augmentin. Erythromycin kò wúlò fún E. coli. Bí ìwé kan bá fi S síwájú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, kò sí àfojúdi nínú rẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé báwo ni ilé àyẹ̀wò tó ní ìwé àṣẹ lórí ògiri ṣe lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Láti dáhùn, mo ní láti mú yín wọ yàrá tí a ti ń ṣe é.

Lórí ìwé tí dókítà fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ “urine M/C/S” ni ó kọ. M ni pé kí a fi máíkírósíkóòpù wo ìtọ̀ náà, C ni pé kí a gbin ohun tó wà nínú rẹ̀, S ni pé kí a dán oògùn wò lára ohun tó bá hù. Inú ìgò ìtọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ìtọ̀ àárín la fẹ́. Ẹ fi omi ṣan ojú ara, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ ṣàn dànù, ẹ gbe ti àárín sínú ìgò tí wọ́n fún yín láìfọwọ́ kan inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láàárín wákàtí 2. Bí kò bá lè tètè dé, kí ó wọ fíríìjì. Bí ara bá ti tu E. coli, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣírò rẹ̀: lẹ́yìn wákàtí 3, ẹyọ kan lè ti di 512. Ìgò tó bá wà nínú báàgì láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, nínú ooru mọ́tò àti ti ọjà, kò lè sọ òótọ́ mọ́ nípa ohun tó wà nínú àpò ìtọ̀ yín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tọ ọ́ kí ẹ tó fẹnu kan oògùn apakòkòrò kankan. Bí ẹ bá ti lò ó ṣáájú, ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n kọ orúkọ oògùn náà sórí ìwé. Mo gbà pé ilé àyẹ̀wò kejì kò bi yín. Ó yẹ kí wọ́n bi yín.

Bí ìtọ̀ bá dé, a ó mú lúùpù, ìyẹn wáyà tín-ínrín tí orí rẹ̀ ká róbótó, tí a ti wọ̀n tí ó ń gbé ìdá kan nínú ìdá 1,000 mílílítà kan. A ó fi ra ojú àwo MacConkey, ìyẹn àwo tí a da ágà sí, oúnjẹ kòkòrò tó dì bí ẹ̀kọ, a ó gbé àwo náà sínú àpótí ooru tó wà ní ìwọ̀n 35 sí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ka iye ojú tó hù, ìyẹn ìdìpọ̀ kòkòrò kọ̀ọ̀kan tí a lè fojú rí. Bí 100 bá hù, a jẹ́ pé mílílítà kan ìtọ̀ yín ní 100,000 nínú. Iye yìí ni Edward Kass, dókítà ará Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ láti àwọn ọdún 1950 pé bó bá ti tó bẹ́ẹ̀, àìsàn ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí ojú ara. Obìnrin tí ìtọ̀ ń ta bí ti yín lè ní iye tó kéré sí ìyẹn, kí ó sì jẹ́ àìsàn tòótọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oríṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù pa pọ̀, ohun tó yẹ ni pé kí a ní kí aláìsàn tún tọ òmíràn wá. Ilé àyẹ̀wò tó bá ṣa ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn kó lè ní nǹkan kọ sórí ìwé, ó ti gba owó lórí ohun tí kò mọ̀.

Lórí MacConkey, E. coli àti Klebsiella, pupa rẹ́súrẹ́sú ni àwọn méjèèjì máa ń hù. Ti Klebsiella sábà máa ń tóbi, ó ń yọ̀, bí ẹ bá fi lúùpù kàn án ó máa fà bí ilá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìyẹn nìkan dárúkọ rẹ̀. Kò tó. E. coli kan wà tó ń yọ̀, Klebsiella kan sì wà tí kò fà. A máa ń gbìn ín sínú omi oúnjẹ kòkòrò, lọ́jọ́ kejì a ó kán omi àyẹ̀wò tí a ń pè ní Kovac sí i. Bí E. coli bá ni, òrùka pupa á jáde lórí omi náà lójú ẹsẹ̀. Klebsiella pneumoniae kì í mú òrùka pupa wá. A tún ní ágà Simmons, aláwọ̀ ewé: Klebsiella máa ń sọ ọ́ di búlúù, E. coli á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Iṣẹ́ kékeré ni, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń gba alẹ́ kan sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò ó.

Nísinsìnyí, oògùn. Ọ̀nà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ilé àyẹ̀wò wa ń lò ni èyí tí Alfred Bauer, William Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Seattle ṣe ìlànà rẹ̀ ní 1966. A ó mú ojú mélòó kan lára kòkòrò tó hù, a ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ títí omi náà á fi rú díẹ̀ dé ìwọ̀n kan pàtó. A ní ìgò òṣùwọ̀n tí a ń pè ní McFarland 0.5. A ó gbé ìgò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síwájú káàdì tó ní ìlà dúdú, a ó wò ó bóyá ìlà náà hàn bákan náà nínú méjèèjì. Bó bá dọ́gba, kòkòrò inú rẹ̀ á tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150 nínú mílílítà kan. Òwú orí igi la ó tì bọ̀ ọ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù sára ìgò, a ó fi ra ojú ágà Mueller-Hinton, a ó yí àwo náà, a ó tún ra á, a ó tún yí i, a ó tún ra á, kí ibì kankan má ṣófo. Lẹ́yìn náà la ó to àwọn dísìkì sí i, bébà róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, oògùn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n oògùn náà sì wà lára rẹ̀. Àpótí ooru tún di wákàtí 16 sí 18.

Ní òwúrọ̀, kòkòrò á ti bo gbogbo ojú àwo, àfi yíká dísìkì tí oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ ó rí òrùka tó mọ́ gaara. A ó fi rúlà wọn òrùka náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, a ó lọ wo tábìlì ìdájọ́. Tábìlì yẹn ló ń sọ mílímítà di S, I tàbí R.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rọrùn tó láti ṣì í. Bí kòkòrò inú omi bá pọ̀ ju McFarland lọ, òrùka á kéré, oògùn tó dára á di R. Bó bá kéré, òrùka á fẹ̀, R á di S. Ágà gbọ́dọ̀ jìn ní mílímítà 4. Bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ lò, tí wọ́n dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oògùn á sáré lọ jìnnà, òrùka á fẹ̀, S irọ́ á jáde. Dísìkì tí kò sí nínú òtútù á rọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Augmentin wà lára àwọn tó máa ń yára bàjẹ́ jù nínú wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí iná bá lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́, tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà, fíríìjì gbóná, àpótí ooru tutù, àwo àárọ̀ ọjọ́ kejì kò sì ní kọ ọ́ sára rẹ̀ pé iná lọ lálẹ́ àná. Mo ti rí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ń ka irú àwo bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ èsì rẹ̀ jáde fún aláìsàn. Inú mi kò dùn sí i títí dòní.

Ìdí nìyí tí a fi ń lo kòkòrò ẹlẹ́rìí. E. coli kan wà tí gbogbo ilé àyẹ̀wò káàkiri àgbáyé lè rà, ATCC 25922 ni nọ́ńbà rẹ̀. A mọ bó ṣe yẹ kó rí: lára dísìkì gentamicin, òrùka rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín mílímítà 19 sí 26. A ó gbin òun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn, lórí ágà kan náà, pẹ̀lú dísìkì láti inú páálí kan náà. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ 15 tàbí 30, nǹkan kan ti bàjẹ́, èsì gbogbo aláìsàn ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ dúró. Bí mo bá ní kí n bi ilé àyẹ̀wò ní ìbéèrè kan péré, èyí ni màá bi wọ́n: ìgbà wo ni ẹ gbin ATCC 25922 kẹ́yìn, kí sì ni òrùka rẹ̀ wọ̀n? Ẹni tó ń ṣe é á ṣí ìwé rẹ̀ fún yín kíá.

Kódà bí gbogbo èyí bá pé, ìwé méjì ṣì lè yàtọ̀ síra nítorí tábìlì ìdájọ́. Ní 2019, CLSI ní Amẹ́ríkà, àjọ tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò Nàìjíríà ń tẹ̀lé, yí ti ciprofloxacin padà fún ẹbí E. coli. Tẹ́lẹ̀, mílímítà 21 sókè ni S. Láti ìgbà náà, 26 sókè ni S, 22 sí 25 ni I, 21 wálẹ̀ ni R. Ẹ fojú inú wò ó: àwo kan, òrùka kan, rúlà kan, mílímítà 21. Ilé àyẹ̀wò tó lẹ tábìlì tuntun mọ́ ògiri á kọ R. Èyí tó ṣì ń lo ti ọdún pípẹ́ á kọ S, aláìsàn á sì gba oògùn tí kò ní ràn án. Wọ́n yí i padà nítorí pé ìwádìí fi hàn pé ìwọ̀n oògùn tí a ń gbé mì kò tó láti ṣẹ́gun àwọn kòkòrò tó wà ní àárín yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ìdí kan nìyí tí R àti S ciprofloxacin yín fi dojú kọ ara wọn, yàtọ̀ sí oògùn ọjọ́ méjì yẹn.

Nǹkan mìíràn ń bí mi nínú. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kéékèèké, ẹ ò ní rí dísìkì oníkọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan tó ní apá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá yíká ni wọ́n máa ń gbé sórí àwo, lẹ́tà wà ní orí apá kọ̀ọ̀kan: CPX ni ciprofloxacin, SXT ni Septrin, AU ni Augmentin, CN ni gentamicin, PEF ni pefloxacin, APX ni Ampiclox. Ó rọrùn, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n àwọn òrùka rẹ̀ máa ń gun ara wọn, èèyàn kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ẹni tó ṣe é ló yan oògùn tó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe dókítà, kì í ṣe kòkòrò tó hù. Kò sì sí ìdájọ́ fún Ampiclox nínú tábìlì CLSI rárá. Mílímítà wo ni ẹni tó kọ S síwájú rẹ̀ wá fi dá a lẹ́jọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé àkọ́kọ́, èyí tí mo gbà. E. coli, R sí ciprofloxacin, R sí ceftriaxone, S sí gentamicin àti nitrofurantoin. Èyí bá ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ mu. R sí ceftriaxone ló yẹ kí dókítà yín tẹjú mọ́. Ó ṣeé ṣe kí E. coli yẹn ní ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní ESBL, tó ń fọ́ oògùn ẹgbẹ́ ceftriaxone àti cefuroxime. Apilẹ̀ àbùdá (gene) tó gbé e sábà máa ń wà lórí DNA róbótó kan tí kòkòrò kan lè gbé fún èkejì, apilẹ̀ àìgbọ́ràn sí àwọn oògùn mìíràn sì lè bá a rìn. Ọ̀nà kan tí ojú fi lè rí ESBL rèé. A ó fi dísìkì Augmentin sí àárín, a ó fi ceftriaxone sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní nǹkan bí mílímítà 20 sí 30. Bí ESBL bá wà níbẹ̀, òrùka ceftriaxone kò ní rí róbótó. Apá rẹ̀ tó kọjú sí Augmentin á ta jáde lọ bá a, bí ihò kọ́kọ́rọ́, nítorí clavulanic acid inú Augmentin ti di ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ mú ní apá ibẹ̀. Ojú lásán ló ń rí i. Ẹ lè bi ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bóyá wọ́n wò ó. Bí wọ́n bá wò ó, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé.

Mo fẹ́ yà bára díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò “ìbà àti táífọ́ọ̀dì” rí, bí gbogbo wa. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń kọ 1:80 tàbí 1:160 jáde, Widal ni, láti 1896 ni. Ohun tí ara yín ti kójọ láti bá Salmonella, kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dì, jà ló ń wá, kò rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ oògùn tó ràn. Bí ẹ bá ti ní táífọ́ọ̀dì rí, tàbí tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, Widal lè ní ó wà nígbà tí kò sí. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Àìmọye èèyàn ló ti gbé ciprofloxacin mì nítorí Widal, ẹrù rẹ̀ ló ń wọ inú ìtọ̀ wa báyìí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ńkọ́? Ó wà. GeneXpert, tí WHO fọwọ́ sí ní 2010 fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè sọ láàárín nǹkan bí wákàtí 2 bóyá rifampicin á ṣiṣẹ́ fún aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ̀rọ mìíràn ń sọ orúkọ kòkòrò àti oògùn tó ràn án láìsí rúlà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ń ka apilẹ̀ àwọn kòkòrò wọ̀nyí láti orí dé ìdí láti mọ ọ̀nà tí àìgbọ́ràn ń gbà tàn káàkiri ìlú wa. Ìwádìí àgbáyé tó jáde ní 2022 fi hàn pé ní 2019 nìkan, mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ni kòkòrò tí apá oògùn kò ká pa tààràtà. Ṣùgbọ́n fún ìtọ̀ yín l'Óṣogbo, àwo, dísìkì àti rúlà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ tó, ó sì tún kù.

Bí ẹ bá tún ní láti ṣe àyẹ̀wò, ẹ mọ̀ pé kò sí bí M/C/S ṣe lè jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbé ìtọ̀ lọ láàárọ̀. Alẹ́ kan ni kí ó fi hù, alẹ́ mìíràn ni kí oògùn fi ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tó bá fún yín ní S àti R ní ọjọ́ kan náà, kò gbin nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe báyìí ni pé kí ẹ má fi kún ciprofloxacin tí ẹ ń lò kí ẹ tó rí dókítà. Ẹ gbé ìwé méjèèjì lọ, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lo oògùn àti iye tí ẹ lò. Nitrofurantoin ń ṣiṣẹ́ nínú àpò ìtọ̀, kò wúlò bí àìsàn bá ti gun kíndìnrín. Gentamicin, abẹ́rẹ́ ni, ó lè pa kíndìnrín àti etí lára, kì í ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì àdúgbò á máa gún fún yín nílé. Bí ibà bá ń mú yín, tí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ń dùn yín, tàbí tí ẹ ń bì, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ má dúró de ìwé mi. Ẹ sì ní kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo kíndìnrín yín bóyá òkúta wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan lè ní ìdí. Bí ìrora bá lọ tán lẹ́yìn ìtọ́jú, kò pọn dandan kí ẹ tún gbin ìtọ̀ kí ẹ fi mọ̀ pé ó tán. Kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ obìnrin láìṣe nǹkan kan fún un, àfi bó bá lóyún ni a sábà máa ń tọ́jú irú rẹ̀ láìsí ìrora.

Ọmọ yín: ẹ má fún un. Ohun tó ń ta a lè má jẹ́ E. coli, ó lè jẹ́ àrùn tí a ń kó látọ̀dọ̀ ọkùnrin, tí ó ń fẹ́ àyẹ̀wò mìíràn, ó sì lè jẹ́ pé ó lóyún, ciprofloxacin kì í sì í ṣe oògùn tí a ń fún aláboyún láìṣe pé dókítà ló kọ ọ́. Kí ó lọ fúnra rẹ̀, kí ó tọ ti tirẹ̀ sínú ìgò kó tó gbé ohunkóhun mì. Èyí tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ kó o fún oníṣègùn òyìnbó tó ń ta oògùn níbi tó ní ìwé àṣẹ, kí ó bá yín sọ ọ́ nù bó ṣe yẹ. Ẹ má dà á sínú sálángá tàbí gọ́tà.